Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Àpáta Iyùn Inú Òkun: Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Ohun Táwọn Olùwádìí Rí, Ẹ Jẹ́ Káwọn Ọmọ Wa Náà Kọ́ Ọ

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀, àwọn Kánsẹ́lọ̀ àti Ọ̀gá Ẹ̀ka Ètò Ẹ̀kọ́,

Ẹ̀yin àgbà wa, a kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa ẹgbẹ́ apẹja, òmùwẹ̀ àti awakọ̀ ojú omi la kọ ìwé yìí, ọ̀rọ̀ àpáta iyùn tó wà níwájú etíkun wa ló sì gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín.

Àwọn olùwádìí máa ń wá síbẹ̀, inú wa sì máa ń dùn sí wọn, àwa náà la máa ń fi ọkọ̀ gbé wọn. Wọ́n á wẹ̀ lọ sísàlẹ̀, wọ́n á ta tépù sórí iyùn, wọ́n á ka ẹja, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kọ gbogbo ẹ̀ sórí páálí tí omi ò lè bà jẹ́, tí wọ́n bá ti parí wọ́n á kó ẹrù wọn, ó dìgbà. Ohun tí wọ́n rí, a kì í gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ ìjọba ni wọ́n ti ń gbàwé àṣẹ, ẹ̀yin lẹ lè sọ fún wọn pé kí wọ́n tó lọ kí wọ́n jókòó tì wá, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí ní èdè tá a gbọ́, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ nílé ìwé.

Torí iyùn kì í ṣe òkúta lásán bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò o, ẹ̀dá ẹlẹ́mìí ni, àwọn ẹran kéékèèké tó ń kọ́lé lé orí ilé ara wọn. Inú ara wọn ni ewéko omi tín-tìn-tín kan tójú ò lè rí ń gbé, òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, òun náà ló ń fún wọn láwọ̀. Tí omi òkun bá fi bíi dígírì 1 péré gbóná ju bó ṣe máa ń gbóná tó nígbà ooru, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn á lé ewéko yẹn jáde, á wá funfun báláú. Kò tíì kú nígbà yẹn, tómi bá tètè tutù ó ṣì lè padà sípò, àmọ́ tí ooru bá pẹ́, ebi á pa á kú. Ó ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé ní 1998, ó ṣẹlẹ̀ ní 2010, ó tún ṣẹlẹ̀ láti 2014 dé 2017, nígbà tó sì di oṣù kẹrin ọdún 2024 àjọ NOAA, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun àti ojú ọjọ́, kéde pé ìkẹrin ẹ̀ ti ń lọ lọ́wọ́.

Ooru yẹn ju agbára ìjọba ìbílẹ̀ lọ, a mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdákọ̀ró ò jù wá lọ. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n ju ìdákọ̀ró sórí iyùn ẹlẹ́ka mọ ohun tá à ń sọ: á fọ́ wómúwómú, ṣéènì á wá máa wọ́ síwá sẹ́yìn lórí èyí tó kù bí ìgbì ṣe ń ti ọkọ̀. Àwọn iyùn ńlá róbótó yẹn, bíi sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí 2 ni wọ́n ń fi dàgbà lọ́dún, òmíì ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí náà ohun tí ìdákọ̀ró fọ́ láàárọ̀ yìí, àwọn ọmọ-ọmọ wa lè má rí i kó padà tán. Ẹ bá wa ra bọ́ì, ìyẹn ohun tó ń léfòó lójú omi tá a lè máa so ọkọ̀ mọ́ dípò ká máa ju ìdákọ̀ró, ká rì ìdí ẹ̀ síbi tó jẹ́ iyanrìn, àwọn òmùwẹ̀ wa á ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń fi dáínámáìtì àti májèlé sáyánáìdì pẹja ńkọ́? Ẹgbẹ́ wa ò fara mọ́ ọn rárá, ẹ fún wa lágbára òfin tá a lè fi dá wọn dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbèrò odi etíkun náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ èyí: ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fi hàn pé tá a bá pín agbára ìgbì sọ́nà 100, àpáta iyùn ń gba bíi 97 nínú ẹ̀ kó tó dé ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló jẹ wá lógún jù. Ọmọ apẹja á ti mọ orúkọ ẹja kó tó mọ ìwé kà, tó bá wá dé kíláàsì, sáyẹ́ǹsì tí wọ́n á kọ́ ọ ò ní dárúkọ òkun. Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní CoralWatch, láti 2002 ló ti wà, káàdì aláwọ̀ ni wọ́n ń lò: wàá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn, wàá wo àwọ̀ tó bá a mu, wàá kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀, 1 ló funfun jù, 6 ló dúdú jù. Ọmọ ilé ìwé lè ṣe é dáadáa tómi bá fà. Tá a bá ń ṣe é lóṣooṣù lójú ibì kan náà, tá a sì ń wọn bí omi ṣe gbóná, àwa fúnra wa la máa kọ́kọ́ mọ̀ tí iyùn bá ti ń ṣàìsàn, a ò ní máa retí kí àlejò wá sọ fún wa.

Ohun tá a ń sọ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní erékùṣù Apo, ní Fílípììnì, Angel Alcala, onímọ̀ nípa ẹ̀dá inú òkun, àtàwọn ará Yunifásítì Silliman lọ bá àwọn apẹja lójú ilé wọn, wọ́n là wọ́n lóye, láti bíi 1982 làwọn apẹja ti fúnra wọn pa apá kékeré kan lára àpáta náà mọ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pẹja níbẹ̀, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ẹja pọ̀ nínú ibẹ̀, ó sì ń ṣàn jáde síbi tí wọ́n ti ń pẹja. Àwa náà ṣe tán láti yan tiwa, àmọ́ a fẹ́ kí ìwádìí sọ ibi tó yẹ, a ò fẹ́ kí wọ́n wá fà á lé ìwé lẹ́yìn wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọjọ́ fún wa. Kí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ètò Ẹ̀kọ́ mú tíṣà sáyẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan wá láti ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, a máa gbé gbogbo yín lọ sójú omi, ọkọ̀ wà, awò ìwẹ̀ wà, tíṣà tí ò bá mọ̀wẹ̀, a máa kọ́ ọ.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́