Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Padà Sílé Ẹ̀kọ́, Ẹ Má Fi Àìsàn Pamọ́ Fún Wa

Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo
Oṣù Kìíní, 2021

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà. Láti ìjẹta ni mo ti ń gbọ́ ìró táyà báàgì yín lórí kóńkéré iwájú ilé. Àwọn yàrá tí a tì pa láti oṣù kẹta ọdún tó kọjá ti ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, aláǹtakùn ń sá jáde, ìyàwó mi sì ti ń bi mí pé ta ló ti dé, ta ni kò tíì dé. Inú wa dùn. Ilé tí kò sí ariwo akẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀ ti sú àwa méjèèjì.

Ẹ mọ̀ mí sí Bàbá Onílé. Púpọ̀ nínú yín kò mọ̀ pé wolé-wolé ni mí kí n tó kọ́lé. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi wọ ilé onílé káàkiri Òṣogbo yìí, tí mò ń ṣí ìdérí àmù wò, tí mò ń yọjú wo ilé ìyàgbẹ́. Iṣẹ́ yẹn ló ń ti ọwọ́ mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí.

Àwọn kan ń sọ pé kò yẹ kí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ rárá. Mo gbọ́ àlàyé wọn. Láàárín oṣù yìí ni iye àwọn tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní kòrónà ní Nàìjíríà kọjá 100,000, àjẹsára kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Síbẹ̀, mi ò bá wọn fọwọ́ sí i. Mo rí ohun tí ìjókòó sílé fi ojú yín rí. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta 2020, àrùn ká a mọ́ ibẹ̀, ó di ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejìlá kí wọ́n tó so ó rọ̀. Mo mọ ọmọ tó yẹ kó ti ṣe àṣekágbá tó wà nídìí ọ̀kadà ní Ọláìyá di òní. Ẹni tó bá ní kí ẹ máa fi fóònù kàwé, kó wá ra dátà oṣù kan fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ. Ẹ padà wá. Ẹ kàwé yín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ tó kọjá. Owó wà níbẹ̀, dókítà wà, omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, wọ́n kéde pé gbogbo ẹ̀kọ́ àwọn tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́ yóò padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ kan péré! Akẹ́kọ̀ọ́ 130 ni àyẹ̀wò mú láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn ilé tí wọ́n jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń sùn, ni wọ́n ti rí àwọn agbo tí àrùn náà kọ́kọ́ pọ̀ sí. Nítorí náà, bí ilé ẹ̀kọ́ bá to àga yín jìnnà síra ní kíláàsì, tí wọ́n gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà, ó dára bẹ́ẹ̀. Yàrá tí ẹ̀yin mẹ́rin jọ ń sùn ló ń bà mí lẹ́rù, níbi tí kò ti sí olùkọ́ tó ń wò yín.

Ọyẹ́ tún wá dé lé e. Gbogbo wa ló ń wúkọ́, gbogbo wa ló ń nu imú, kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ ikọ́ ọyẹ́ yàtọ̀ sí ikọ́ kòrónà. Òtútù òwúrọ̀ àti èéfín jẹnẹrétọ̀ sì ń mú kí ẹ ti fèrèsé pa. Bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ inú yàrá títì ni àrùn yìí fẹ́ràn jù. Ẹ da aṣọ bora, kí ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ sọ fún mi bí jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan bá ń yọ yín lẹ́nu, màá ní kó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ní ti àríyá òru Jímọ́, ẹ dákun. Láyé àwọn bàbá wa, bí ilẹ̀ bá gbóná, wọn kì í lu ìlù, wọn kì í pe èrò jọ. Ọdún Ọ̀ṣun pàápàá, tí èèyàn máa ń ti òkè òkun wá wò, a ṣe é lóṣù kẹjọ tó kọjá láìkó èrò jọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ ìbí yín náà lè dúró.

Ibi tí mò ń lọ rèé. Àrùn onígbáméjì wọ Nàìjíríà ní ìparí 1970, nígbà tó fi máa di 1971, a ò sinmi mọ́. Èmi àti ọ̀gá mi wọ agbo ilé kan lẹ́yìn Ọjà Ọba. A bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ń yàgbẹ́ gbuuru. Wọ́n ní rárá o. Wọ́n fún wa níjòókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fún wa lóbì. Ọmọbìnrin kan wà lábẹ́ ibùsùn nínú yàrá tó kángun sí wa, wọ́n ti fi ẹní bò ó, wọ́n ní kó má gbin. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé a ó gbé e lọ síbi tí wọn ò ní rí i mọ́. Ọjọ́ kẹrin tí a padà dé, ọmọ náà ti kú, ìyá rẹ̀ wà lórí ẹní, àwọn mẹ́sàn-án mìíràn tí wọ́n jọ ń pọn omi nínú kànga kan náà ti dùbúlẹ̀. Omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára wà ní ọsibítù lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ. Mo jẹ obì náà tán kí n tó kúrò níbẹ̀, mi ò tíì gbàgbé.

Ṣàǹpọ̀nná náà, tí àjọ ìlera àgbáyé kéde ní 1980 pé ó ti tán pátápátá, abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ló lé e lọ. A ń wá aláìsàn láti ilé dé ilé, bí a bá ti rí ẹnì kan, a ó gún gbogbo àwọn tó yí i ká lábẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n bá gbé pa mọ́ ló ń padà wá bí òmíràn.

Lóṣù keje ọdún tó kọjá, ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti Èkó dé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni bíi tiyín. Ara rẹ̀ gbóná, ó ní ibà ni. Ìyá àgbà ro àmàlà fún un, wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan. Ó jẹ́wọ́ fún mi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ pé láti ọjọ́ kejì ni òun kò ti gbóòórùn irú nínú ọbẹ̀ mọ́. Irú, tí í pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà! Ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ó dákẹ́, torí ó ti rí bí wọ́n ṣe lé ẹnì kan jáde kúrò nílé ní àdúgbò rẹ̀ ní Èkó. Ọjọ́ kẹjọ, ara tirẹ̀ ti yá. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, kò dìde mọ́. Mi ò bá ọmọ náà wí. Ó ṣì ń pè mí lórí fóònù lálẹ́, kò mọ ohun tí yóò sọ, èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ṣeé ṣe kí àrùn yìí kan yín fẹ́rẹ́ kó sì lọ. Ó lè wà lára yín kí ẹ má tilẹ̀ mọ̀, ẹ ó sì lè fi ran ẹlòmíràn kí ikọ́ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu yín. Nítorí náà, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé, ẹ má lọ kí ìyá àgbà nílé. Bí òórùn oúnjẹ bá sá fún yín, bí ibà bá mú yín, ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ẹ sọ fún àwọn onísègùn ilé ẹ̀kọ́ yín, ẹ sọ fún mi. Nígbà tí àwọn èèyàn wa ti Kọdifúà dé sí Èjìgbò lóṣù kẹta, 127 ni ìjọba kó sójú kan. Inú bí wọ́n, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, torí kò rọrùn kéèyàn dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kí wọ́n ní kó má wọlé. Ṣùgbọ́n nínú wọn ni wọ́n ti rí púpọ̀ lára àwọn tó kọ́kọ́ ní àrùn náà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí wọ́n tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ìyá wọn.

Ẹ̀yin onílé ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kàn yín. Bí a bá ń ju ẹrù ọmọ síta torí pé ó wúkọ́, àwa là ń kọ́ ọ kó parọ́. Ní tèmi, n kò ní lé ẹnikẹ́ni, mo ti sọ ọ́ níwájú ìyàwó mi àti níwájú àwọn òbí tó kó ọmọ wá.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tí mo ń kó sìmẹ́ńtì sí tẹ́lẹ̀. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ jáde, mo ti kùn ún ní ẹfun, fèrèsé méjì ló ní, ó sì ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, nẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. A ò gba owó lórí rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá dá yóò sùn níbẹ̀ títí àwọn onísègùn yóò fi ní ó tó, a ó máa gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọwọ́ ìyàwó mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bí ó bá jẹ́ òru, ẹ kan fèrèsé wa, ẹ má tijú.

Èmi ni,
Bàbá Onílé yín