Ẹ̀sùn lórí Ańpilifáyà Ọkọ̀ Tí Ẹ Tà fún Mi àti Ìwà Àwọn Òṣìṣẹ́ Yín

Iléṣà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́,
nípasẹ̀ Máníjà Ẹ̀ka Lágéré, Ilé-Ifẹ̀.

Alàgbà,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ yín. N kò ní tún ọjọ́ tí mo ra ẹrù náà, iye tí mo san àti nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ kọ sínú lẹ́tà yìí, nítorí pé ẹ̀dà rìsíìtì mi wà lọ́wọ́ yín, gbogbo ohun tí èmi àti àwọn òṣìṣẹ́ yín sì ti bá ara wa sọ lórí WhatsApp ṣì wà níbẹ̀ láìyingin. Ohun tí ó mú mi jókòó kọ̀wé ni pé ó ti sú mi láti máa ro ẹjọ́ kan náà fún onírúurú ènìyàn, kí ẹni kọ̀ọ̀kan wọn sì máa ṣe bí ẹni pé etí òun ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dé. Ẹ̀rọ tí ó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ dùn mí, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń tì mí láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè tí mo béèrè kí n tó sanwó, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù yín ní Lágéré, mo bi ọmọkùnrin tí ó ń tajà léèrè pé, watt mélòó ni ańpilifáyà yìí, ẹ̀rọ tí ń mú kí ohùn orin ròkè, lè máa gbé jáde láìsinmi, èyí tí wọ́n ń pè ní RMS, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ó nàka sí ara páálí, ó ní 5000 watt ni. Mo ní èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí kọ́ ni mò ń béèrè, nítorí pé iye tí ẹ̀rọ lè ta dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan kì í ṣe iye tí yóò fi ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Mo wá ní kí ó fi ìwé ìlànà rẹ̀ hàn mí. Ó ní inú páálí ni ìwé náà wà, àti pé ẹ kì í ṣí páálí fún ẹni tí kò tíì sanwó. Mo ní kí ó bá mi pe máníjà. Máníjà yín fúnra rẹ̀ jáde wá, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé kí n fọkàn balẹ̀, pé bí ẹ̀rọ náà kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n gbé e padà wá, owó mi kò ní sọnù. Ìlérí yẹn ni mo gbára lé tí mo fi sanwó.

Nígbà tí mo délé tí mo ṣí páálí, mo rí i nínú ìwé ìlànà, ní ojú ewé tí wọ́n fi lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín kọ, pé 600 watt péré ni ẹ̀rọ náà lè máa gbé jáde láìsinmi bí ìdènà iná tí sípíkà ní bá jẹ́ 2 ohm, àti pé ní 4 ohm, 350 watt ni. Ìdáhùn sí ìbéèrè mi wà ní orí káńtà yín ní ọjọ́ náà, nínú páálí tí ọmọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé.

Ẹ má ṣe rò pé ohun tí kò yé mi ni mò ń sọ. Fíùsì méjì ni ó wà lára ẹ̀rọ náà, 30 ampere, òṣùwọ̀n iye iná tí ń gba inú wáyà kọjá, ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 60. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná tí alternator, ẹ̀rọ tí ń pèsè iná fún ọkọ̀, ń gbé jáde kì í sábà ju nǹkan bí 14.4 volt lọ. Bí a bá sọ 14.4 di ìlọ́po 60, 864 watt ni a ó rí, ìyẹn sì ni nǹkan bí gbogbo agbára tí ó lè máa wọ inú ẹ̀rọ náà kí fíùsì rẹ̀ tó já. Kò sì sí ẹ̀rọ kankan tí ó lè máa gbé jáde ju ohun tí ó ń wọ inú rẹ̀ lọ. Apá kan nínú 864 náà pàápàá yóò di ooru: èyí tí wọ́n ń pè ní class D, tí kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, lè fi nǹkan bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́ sí sípíkà, ṣùgbọ́n class AB kì í sábà ju nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Níbo wá ni 5000 ti wá? Kí ańpilifáyà tó lè gbé 5000 watt jáde ní tòótọ́, yóò máa fa ju 400 ampere lọ, bẹ́ẹ̀ ni alternator ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń ná ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ kò ju 60 sí 120 ampere lọ, láti inú rẹ̀ náà sì ni iná iwájú, fáànù àti ẹ́ńjìnnì ti ń jẹ.

Síbẹ̀, mo ní kí n fi ìwọ̀nba tí ó lè gbé jáde náà ṣe é. Ọkọ̀ tí mo ń lò ẹ̀rọ náà fún ni ó ń gbé orin síwájú ẹgbẹ́ níbi ìnáwó, ó sì yẹ kí ó jáde nígbà ọdún Ìwúdé Ìjẹ̀ṣà. Kò pẹ́ tí iná iwájú ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà tí béèsì bá dún, tí iná pupa tí wọ́n kọ PROTECT sí ń tàn, tí ohùn sì ń pa pátápátá. Mo pè yín. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ní kí n pààrọ̀ bátìrì, mo sì pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo tún pè, ẹlòmíràn ni ó gbé e, ó ní ọ̀rọ̀ bátìrì kọ́ ni, kí n ra capacitor lọ́wọ́ yín. Mo ṣàlàyé fún un pé ìkòkò tí a pọn omi sí ni capacitor, kì í ṣe kànga, àti pé bí alternator kò bá lè gbé iná tí ó tó jáde, capacitor kò ní rí ohun tí yóò fi pamọ́. Ó ní òun yóò bi àwọn ọ̀gá òun, òun yóò sì pè mí padà. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹni tí mo tún bá lẹ́yìn rẹ̀ ní alternator ni kí n lọ fi èyí tí ó tóbi rọ́pò. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó bi mí pé ampere mélòó ni alternator ọkọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè náà ni ó yẹ kí ẹnu yín kọ́kọ́ sọ kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú ni ti òṣìṣẹ́ yín kan tí ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tí ó ní ìdí tí ẹ̀rọ náà kò fi dún tó ni pé riwáyà mi, ẹni tí ń bá mi so wáyà ọkọ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń so wúfà, ìyẹn sípíkà ńlá tí ń gbé béèsì jáde. Wúfà méjì ni mo ní, kọ́ìlì méjì ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 4 ohm sì ni kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan. Riwáyà mi ti so wọ́n lọ́nà tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ 4 ohm, èyí tí ẹ̀rọ náà lè gbé láìsí wàhálà. Òṣìṣẹ́ yín ní kí ó tú u, kí ó so kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ kí ó lè di 1 ohm, pé nígbà náà ni 5000 watt náà yóò jáde. Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú, nítorí pé ìwé ìlànà ní a kò gbọdọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ 2 ohm. Ó ní àwọn ni àwọn ń tà á, pé àwọn mọ̀ ọ́n ju ìwé lọ. Ẹni tí ó bá kọ́ iṣẹ́ iná mọ̀ pé bí ohm bá ṣe ń dín kù ni ẹ̀rọ yóò ṣe máa fẹ́ ti iná púpọ̀ sí i jáde. Láti 4 ohm sí 1 ohm, ìlọ́po mẹ́rin ni iná tí ẹ ní kí ó máa gbà kọjá. Riwáyà mi so ó bí òṣìṣẹ́ yín ṣe wí, lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ni a sì gbọ́ òórùn jíjó, ẹ̀rọ náà kò sì tàn mọ́ láti ìgbà náà. Ìwúdé dé, ó kọjá, ọkọ̀ mi kò kúrò nílé.

Nígbà tí mo gbé e padà wá sí Lágéré, máníjà tí ó ṣèlérí fún mi kò jáde sí mi. Ó rán ẹnì kan sí mi pé wáráǹtì ti bàjẹ́, nítorí pé a so wúfà ní ọ̀nà tí ìwé ìlànà kò fọwọ́ sí. Ìwé tí ẹ kò jẹ́ kí n kà kí n tó sanwó, tí òṣìṣẹ́ yín ní òun mọ̀ jù ú lọ, ìwé náà ni ẹ wá fi dá mi lẹ́bi. Ohùn òṣìṣẹ́ yín wà lórí fóònù mi, mo sì fi í sétí ẹni tí wọ́n rán sí mi ní ojú gbogbo àwọn tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n pe oríkò ilé-iṣẹ́.

Mo pe oríkò. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹni tí ó gbé fóònù náà kò sì lè ju ọmọ tí mo bí kẹ́yìn lọ, bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ó ń pè mí ní “ìwọ”. Ó ní, “Ìwọ ni o kò mọ̀ ọ́n lò. Rédíò kékeré ló yẹ kí o rà.” Mo rọra sọ fún un pé bí ó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ kò dára. Kí ó tó pa fóònù, mo gbọ́ tí ó ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, “Bàbá Iléṣà yẹn tún ti dé o,” àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Alàgbà, ní gbogbo ìgbà tí mo ti ń bá yín fa ọ̀rọ̀ yìí, n kò gbé ohùn sókè sí ẹnikẹ́ni, n kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rín yẹn ni ó mú mi kọ̀wé yìí. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń gba ohùn àwọn tí ó bá pè yín sílẹ̀, nítorí pé ẹ máa ń kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún wa kí ẹ tó gbé fóònù. Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín.

Ohun tí mo ń béèrè kò le. Ẹ dá gbogbo owó mi padà, ti ẹ̀rọ náà àti ti wáyà tí ẹ tà mọ́ ọn. Wáyà yẹn náà, nígbà tí riwáyà fi ọ̀bẹ há a, funfun ni inú rẹ̀. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, kì í ṣe bàbà gidi tí ẹ kọ sínú rìsíìtì, wáyà irú èyí kì í sì í gbé iná tó bàbà tí ó sanra bí i tirẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tí ó fi mí ṣẹ̀sín tọrọ àforíjì nínú lẹ́tà, kí máníjà ẹ̀ka yín sì buwọ́ lù ú.

Mo tún fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ síwájú ańpilifáyà kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù yín, ní èdè tí gbogbo ènìyàn yóò fi lóye rẹ̀, iye watt RMS tí ó ń gbé jáde, ohm tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, iye fíùsì rẹ̀, àti iye ampere tí yóò máa fà lọ́wọ́ alternator. Kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Láti ọdún 2003 ni àwọn tí ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní Amẹ́ríkà ti ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní CEA-2006, tí ó ti di CTA-2006 báyìí: 14.4 volt ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ní 4 ohm, ìdàrú ohùn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ sì máa sọ fún àwọn tí ń rajà pé ó yẹ kí fíùsì kan wà lẹ́bàá bátìrì, kí ó má jìnnà ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, nítorí pé bí wáyà tí kò ní fíùsì bá bó, tí ó sì kan ara ọkọ̀, iná lè ràn. Kò sí ẹni tí ó sọ èyí fún mi ní ọ̀dọ̀ yín. Riwáyà mi ni ó fi í síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún yín láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, màá gbé ẹjọ́ náà lọ sí ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tí ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, nítorí pé òfin tí ó dáàbò bo oníbàárà ní orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018, kò fi àyè gba kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ tí ń ṣini lọ́nà polówó ọjà. Gbogbo ẹ̀rí ni mo ti kó jọ: páálí, ìwé ìlànà, rìsíìtì, àti ohùn òṣìṣẹ́ yín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn bàbá wa tí wọ́n ṣòwò òṣómàáló ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kì í dìde lẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí owó yóò fi pé lọ́wọ́ wọn, ọmọ wọn sì ni mí. Màá gbé àga mi wá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù yín ní Lágéré, màá sì máa fi 5000 tí ó wà lára páálí àti 600 tí ó wà nínú ìwé han gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé wá rajà.

N kò ní gbé ẹrù náà wá sí Ifẹ̀ mọ́. Ẹ rán awakọ̀ yín wá gbé e ní Iléṣà ní ọjọ́ tí owó mi bá wọlé, ẹ sì fi lẹ́tà dá mi lóhùn, ẹ má ṣe pè mí lórí fóònù.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Oníbàárà yín ní Iléṣà.