Rune kì í ṣe àmì òògùn lásán

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fáwọn tó ń pe rune ní àmì òògùn pé lẹ́tà gidi ni o, àwọn baba ńlá àwọn ará Jámánì àti Dẹ́nmárkì ló ń fi í kọ̀wé, kódà kóòmù kan wà tí wọ́n hú jáde ní Vimose ní Dẹ́nmárkì, ti bí ọdún 160 Sànmánì Kristẹni, "harja" ni wọ́n fín sí i lára. Òótọ́ ni pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ náà "rune" túmọ̀ sí látilẹ̀, òun náà ni Wulfila, bíṣọ́ọ̀bù tó túmọ̀ Bíbélì sí Gothic, èdè àtijọ́ kan tó bá èdè Jámánì tan, fi pe "ohun ìjìnlẹ̀ ìjọba Ọlọ́run" nínú Bíbélì Gothic, àwọn ará Jámánì sì ṣì ń pe wúyẹ́wúyẹ́ ní raunen dòní. Àmọ́ ẹni tó ni kóòmù, ìkọ̀wé ló fi rune ṣe.