Òfìfo Sìlíńdà Kò Lè Jí Ẹni Tó Dákú

Olóòtú,

Inú ló ń bí mi tí mo fi mú bírò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo mú màmá wa lọ yọ eyín ní Adó-Èkìtì. Àtọ̀gbẹ ń bá wọn fínra. Wọ́n ti lo oògùn wọn láàárọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jẹun, wọ́n ní ẹni tó fẹ́ yọ eyín kì í jẹun. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n léèrè. Láti aago mẹ́jọ la ti jókòó títí di mọ́kànlá. Dókítà ò tíì gún wọn lábẹ́rẹ́ rárá tí òógùn fi bò wọ́n, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n lò láìjẹun ló jẹ́ kí ṣúgà ara wọn lọ sílẹ̀ jù.

Nọ́ọ̀sì kan ń wá kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn kiri. Èkejì wọ́ sìlíńdà ọ́síjìn jáde, eruku bò ó, aago tó ń fi bí ọ́síjìn inú rẹ̀ ṣe kù hàn wà lórí òdo. Ẹ gbọ́ o, lórí òdo! Obìnrin kan tóun náà wá tọ́jú eyín ló gbé míníráàlì aládùn sí màmá lẹ́nu, ọpẹ́ ni pé wọ́n ṣì lè gbé e mì. Bí wọ́n bá ti dákú ńkọ́? A kì í da nǹkan sẹ́nu ẹni tó dákú, abẹ́rẹ́ ló kù, abẹ́rẹ́ ọ̀hún sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù.

Àwọn tí ìjọba ń sanwó fún pé kí wọ́n máa bẹ ilé ìwòsàn wò, kí ni wọ́n ń wò? Ìwé ẹ̀rí ara ògiri?

Sítọ́kípà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ so ìwé kan mọ́ ọrùn sìlíńdà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n tó pe aláìsàn àkọ́kọ́, kí ẹnì kan ṣí i, kó ka aago rẹ̀, kó gbé ìbomú rẹ̀ wò bóyá ó ti ya. Kó wá yẹ ọjọ́ ìparí oògùn wò níkọ̀ọ̀kan: adrenaline fún ẹni tí oògùn bá bínú sí, aspirin 300 mg fún ẹni tí àyà ń dùn, gulúkóòsì fún ẹni tí ṣúgà ara rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, oògùn fífà símú fún aláìsàn ikọ́ fée. Kó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú. Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ò gbọdọ̀ ní àgádágodo, aláìsàn tó bá sì ní òun fẹ́ rí ìwé náà, kí wọ́n fi hàn án.

Kí wọ́n máa fi ìdákú dánra wò. Kí wọ́n kọ 112, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, sára ògiri. Kí wọ́n máa béèrè bóyá èèyàn ti jẹun.

Eyín màmá ṣì wà lẹ́nu wọn dòní, ó sì ń dùn wọ́n lóru. Wọ́n ní àwọn ò padà síbẹ̀ mọ́. Èmi náà ò tíì mọ ibi tí mo máa mú wọn lọ, tí aago ọ́síjìn wọn kò ní wà lórí òdo.

Sítọ́kípà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkéré-Èkìtì