Ẹ mú téèpù dání kí ẹ tó dá télọ̀ lẹ́jọ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ yín, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń ra ìwé ìròyìn yín lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ tó wà ní ibùdókọ̀ wa ní Mọ́níyà níbí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹnì kan kọ ọ́ sí ojú ewé kẹfà pé ohun kan ṣoṣo tó lè gba aráàlú lọ́wọ́ àwọn télọ̀ ni pé kí ẹni tí wọ́n bá já kulẹ̀ gbé àwòrán aṣọ náà sórí Facebook, kí gbogbo ayé bá a dá sí i. Ó ní ìtìjú ló máa kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí nígbà tí mo kà á, torí òótọ́ wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí gáùn kan tó ti ń fì lára hángà ní ṣọ́ọ̀bù mi láti ọjọ́ yìí, ẹ̀rín náà sì gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Télọ̀ ń parọ́. Kò sí télọ̀ tó lè fi Ọlọ́run búra pé òun ò sọ rí pé "ó ku bọ́tìnnì nìkan" nígbà tí aṣọ ṣì wà nínú nálọ́ọ̀nù bí oníbàárà ṣe gbé e wá. Bí Iléyá bá ku ọjọ́ mẹ́ta, àwa náà mọ bí a ṣe ń gba ẹ̀yìnkùlé sá. Láti ọdún 1990 ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹgbẹ́ wa ni mò ń gbèjà.

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ọmọbìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá, ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń lọ. Ó fi àwòrán òṣèrébìnrin kan hàn mí lórí fóònù: gáùn oníkọ́sẹ́ẹ̀tì, tó fún mọ́ ọn lára dé orúnkún, tó wá tú yẹbẹyẹbẹ sílẹ̀ lẹ́yìn bí ìrù ọ̀kín. Léèsì tó gbé wá láti Gbági jẹ́ ọ̀pá mẹ́ta àtààbọ̀. Mo na téèpù sí i lójú rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, sítáì yìí máa jẹ ọ̀pá márùn-ún, ká tó sọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀tì àti láínìn." Ó ní, "Ẹ ṣáà bá mi ṣe é, Mọ́mì. Ẹ ẹ́ mọ ọgbọ́n tí ẹ máa dá sí i." Ó san ₦10,000 nínú ₦25,000. Èmi náà jẹ̀bi níbẹ̀, torí ó yẹ kí n ká aṣọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ padà. Ṣùgbọ́n ọjà ò tà nígbà yẹn, owó iná sì wà lọ́rùn mi. Mo gbà á.

Ọjọ́rú ló wá wọ̀ ọ́ wò. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ bí aṣọ ṣe ń rí lọ́jọ́ yẹn. Apá kan ti wà lójú ẹ̀, pínnì ló di èkejì mú. Kò ní sípì, kò ní láínìn, gọ́ọ̀mùsítéè ń yọjú lọ́rùn, etí ìsàlẹ̀ ò tíì ká. Ó ní kí ọmọṣẹ́ mi ya òun ní fọ́tò kí òun lè fi han ìyàwó tí wọ́n fẹ́ gbé. Iná ò sí, wọ́n bá bọ́ síta láti yà á. Bí ó ṣe dúró yẹn, pátákó ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́yìn rẹ̀ gbàgàdà pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù mi.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú tán, àwòrán méjì ti wà lórí Facebook, òṣèré lápá òsì, gáùn onípínnì lápá ọ̀tún. Ohun tí mo ní kí wọ́n rán, ohun tí wọ́n rán fún mi. Gbogbo yín lẹ mọ àwàdà yìí. Èmi náà mọ̀ ọ́n, mo ti bá wọn fi àwọn télọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín rí, títí kan èyí tí wọ́n ní aṣọ náà jọ àpò sìmẹ́ǹtì.

Láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, fóònù mi ò sinmi mọ́. Ọkùnrin kan pè mí láti Kánádà ní aago méjì òru. Kò rán aṣọ lọ́dọ̀ mi rí, kò mọ Mọ́níyà. Ó ní òun kàn fẹ́ kí n mọ̀ pé ọwọ́ mi méjèèjì máa rọ. Mo bi í pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?" Ó pa fóònù. Lórí Facebook níbẹ̀, àwọn kan ní àwọn àgbà obìnrin ò fẹ́ kí ọmọdé gbayì lóde, ìyẹn ni mo ṣe mọ̀ọ́mọ̀ ba aṣọ jẹ́. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ojú mi jọ ojú àjẹ́, bẹ́ẹ̀ fọ́tò mi ò sí níbẹ̀ rárá. Àwọn tó ní aṣọ ẹbí méjìdínlógún tí wọ́n fẹ́ gbé fún mi gbé e fún ẹlòmíràn. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọṣẹ́ mi kan tó ku oṣù mẹ́rin kó ṣe fíríìdọ̀mù. Ìyá rẹ̀ wá kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ láìkí mi, torí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo parí gáùn yẹn lọ́jọ́ Ẹtì o. Mo dá ọgbọ́n tó ní kí n dá: mo gé ìrù ọ̀kín náà kúrú, mo fi nẹ́ẹ̀tì tó bá a mu dí àlàfo tó kù. Mi ò ní ó rí bíi ti òṣèré, àmọ́ ó dára. Kò wá gbà á.

Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn èèyàn kórìíra mi ni. Ọmọkùnrin mi tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Pólì Ìbàdàn ló là mí lóye. Ó ní, "Mọ́mì, wọn ò mọ̀ yín. Ẹ̀rọ ló gbé yín fún wọn." Ó ní ní ọdún 2017, bí èèyàn bá fi ojú ìbínú tàbí ojú ẹ̀rín sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan lórí Facebook, ẹ̀rọ tó ń pín ọ̀rọ̀ kiri bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹyọ kan rẹ̀ sí like márùn-ún. Àwọn ìwé inú ilé iṣẹ́ náà tó tú síta ní 2021 ló fi èyí hàn. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn fúnra wọn ló wádìí ẹ̀ pé ibi tí ojú ìbínú bá pọ̀ sí, irọ́ àti èébú kì í jìnnà síbẹ̀, ni wọ́n bá sọ iye ojú ìbínú di òdo ní 2020. Mo ní, ṣé wọ́n ti wá tún un ṣe nìyẹn? Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbínú nìkan kọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Ọmọbìnrin yẹn gan-an ò jèrè kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ojú ewé ẹlẹ́fẹ̀ kan ló gba àwòrán náà, ó fi orin àti ẹ̀rín ìkà sí i, ó tún un gbé jáde. Láti ọdún 2024 ni Facebook ti ń jẹ́ kí àwọn ará Nàìjíríà gbowó lórí ohun tí wọ́n bá gbé síbẹ̀, bí òǹwòran bá sì ṣe pọ̀ tó ni owó náà ṣe ń pọ̀ tó. Nítorí náà, gáùn onípínnì mi ti di dọ́là lọ́wọ́ ẹnì kan tí n kò rí sójú rí. Èmi tí mo rán an, ₦15,000 mi tó kù ò tíì dé.

N kò ní parọ́ mọ́ fóònù ṣá. Ọdún 1990 tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkọ́ ní Múṣin ni ariwo "wọ́n ti gba nǹkan ọmọkùnrin mi" gba ìlú Èkó kan. Bí ọkùnrin kan bá ti fara kan ẹlòmíràn lọ́jà, tí ìyẹn fọwọ́ gbá abẹ́ mú, tó kígbe, ó parí. Lójú mi báyìí ni baba kan béèrè ọ̀nà Ìdí-Òró lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Kí ọ̀gá mi tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti bọ́ baba náà sí ìhòòhò, ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú rẹ̀. Ọlọ́pàá kan ló fa àwọn méjèèjì wọ kẹ́míìsì kan, ó ní kí ẹni tó kígbe bọ́ ṣòkòtò. Gbogbo nǹkan rẹ̀ pé pérépéré. Àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ò gbọ́, òkò ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó gbọ́ yọ́ lọ, kò sẹ́ni tó dúró bẹ baba. Ṣùgbọ́n ní Múṣin, àfi kí èèyàn wà níbẹ̀ kó tó lè ju òkò, apá á sì ro ó tó bá yá. Ẹni tó ń sọ̀kò láti Kánádà, apá kì í ro ó. Àwa Yorùbá la sì ń sọ pé a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ó dá mi lójú pé ọkùnrin yẹn mọ òwe náà.

Ní oṣù Kẹta, ọmọbìnrin oní-gáùn wá, òun àti àǹtí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sáàárín aṣọ gígé nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun nìkan lòun fẹ́ kó rẹ́rìn-ín, pé òun ò mọ̀ pé ó máa kọjá bẹ́ẹ̀. Ó ti pa àwòrán náà rẹ́, àmọ́ ó ti wà lójú ewé mìíràn bíi mélòó kan. Mo ní kó kọ òótọ́ síbẹ̀. Ó kọ ọ́ lóòótọ́: aṣọ ò tíì parí nígbà tí òun yà á, léèsì òun ló sì kéré. Ìyẹn ò rìn jìnnà. Àwọn tó rí i wá kọjú sí i, wọ́n pè é ní òpùrọ́, ọmọ àlè, wọ́n sọ̀rọ̀ ọmú rẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Mo ka orúkọ àwọn tó ń bú u, mo sì rí àwọn kan tí mo dá mọ̀. Àwọn ló bú mi ní oṣù Kejì. Mo pè é pé kó wá gbé aṣọ rẹ̀, kó gbàgbé owó tó kù. Ó sunkún, ó ní òun ò fẹ́ fojú kan gáùn náà mọ́.

Àwọn kan ti ní kí n fi ọlọ́pàá mú un, pé òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti wà láti 2015. Mo kọ̀. Òfin yẹn kan náà ni wọ́n fi ń kó àwọn oníròyìn bíi tiyín sátìmọ́lé, débi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi tún un ṣe ní 2024. N kò fẹ́ fi àhámọ́ gba ₦15,000.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an ló kù, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́. Nígbà tí Mohbad, ọmọ olórin ẹni ọdún 27 yẹn, kú lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2023, tí wọ́n sin ín ní Ìkòròdú lọ́jọ́ kejì, tí ọlọ́pàá tún hú òkú rẹ̀ lọ́jọ́ 21 fún àyẹ̀wò, mo sunkún bíi pé èmi ni mo bí i. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń tọ́mọ lọ́wọ́, gbogbo èèyàn sì ń ṣẹjọ́ rẹ̀ lórí Facebook. Mo wo fídíò kan fún ìṣẹ́jú méjì péré, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ojú obìnrin yìí ò jọ ojú ẹni tí ọkọ kú fún." Ẹ gbọ́ o, ojú ni mo kọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì kí ilé ẹjọ́ tó wádìí ikú náà tó gbé àbájáde rẹ̀ kalẹ̀, ní oṣù Keje 2025, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ ẹlẹ́rìí lórí ẹlẹ́rìí. Èmi, ìṣẹ́jú méjì ni mo lò.

Mo ní kí ọmọ mi bá mi wá ọ̀rọ̀ náà jáde. Ó ṣì wà níbẹ̀, èèyàn 43 ti fi ọkàn pupa sí i. Mo pa á rẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀, obìnrin náà ò sì lè mọ̀.

Olóòtú, mi ò ní kí oníbàárà tí wọ́n já kulẹ̀ má sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ télọ̀ wà ní àdúgbò gbogbo, ìpàdé wà lóṣooṣù, alága wà. Wọ́n ti bu owó ìtanràn lé èmi gan-an lórí rí, nítorí àǹkárá tí ọmọṣẹ́ mi fi áyọ́ọ̀nù jó, mo sì ra òmíràn fún ẹni tó ni ín. Ẹ bá wa kọ ìyẹn sí ojú ewé kẹfà, torí ọ̀pọ̀ oníbàárà ò mọ̀. Ìwé ìròyìn kan, kì í ṣe tiyín, gbé fọ́tò gáùn yìí sí abala ẹ̀fẹ̀ wọn, pátákó mi hàn kedere níbẹ̀. Àwọn tó fi nọ́ńbà ara pátákó yẹn pè mí láti bú mi ò lóǹkà. Oníròyìn kan ò fi pè mí láti bi mí léèrè.

Gáùn náà ṣì wà lára hángà, mo ti fi nálọ́ọ̀nù bò ó. Bí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ojú ewé kẹfà bá gba Mọ́níyà kọjá, kó yà. Téèpù wà nílẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá Tóbi, télọ̀,
Mọ́níyà, Ìbàdàn.