Ẹ̀rí Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí N Jẹ́ Tán

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ọ̀sẹ̀. Aránṣọ ni mí. Ìkọ̀gọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n láti ọdún 1989 ni mo ti ń jókòó sídìí maṣíìnì ní Adó-Èkìtì. N kò kọ̀wé sí ìwé ìròyìn rí. Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé, lọ́jọ́ Ìsinmi kan báyìí, wọ́n pè mí síwájú ìjọ kí n wá jẹ́rìí nípa ìrìn àjò ìhìn rere tí a lọ sí orílẹ̀-èdè Benin. Bí mo ṣe dé ibi tó gbóná nínú ẹ̀rí náà, ẹni tó ń darí ìsìn dá orin, kíbọ́ọ̀dù gbà á, wọ́n sì gba maiki lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Mo padà lọ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àyè sílẹ̀ kí n parí rẹ̀ síbí.

Àwa mọ́kànlá la lọ, ní oṣù Ṣẹẹrẹ, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Abúlé kan lẹ́bàá Kétu là ń lọ. A dá owó, a tẹ tíṣáàtì, a di àpò òkìríkà mẹ́rin, èmi sì gbé maṣíìnì ọlọ́wọ́ méjì dání láti fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ níṣẹ́ abẹ́rẹ́. Kí n má purọ́, orí mi wú. Mo ti rán aṣọ tuntun mẹ́ta tí ma máa fi ya fọ́tò.

A kúrò ní Adó ní aago mẹ́rin ìdájí. Nígbà tí a dé ẹnubodè, ẹnìkan tó wọ aṣọ ìjọba (n kò ní sọ ti ìjọba wo, kí wọ́n má baà gbé mi lọ sí kóòtù) béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní yẹ́lò káàdì. Àwa mẹ́sàn-án ní i lọ́wọ́. Àwọn méjì kò ní. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ni olórí wa.

Físà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ilẹ̀ wọn lè lo ọjọ́ 90 lọ́dọ̀ ara wọn láìgba físà. Káàdì ni wàhálà wa, kò sì ní ọgbọ́n kankan nínú, nítorí ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ náà lónìí, ó di ọjọ́ kẹwàá kí káàdì rẹ̀ tó múlẹ̀. Ohun tó tọ́ ni pé kí àwọn méjèèjì padà sílé, kí àwa yòókù máa lọ. Àmọ́ ẹni tí yóò wàásù fún wa ni yóò padà yẹn! Wọ́n fà sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọkùnrin náà tún wo maṣíìnì mi, ó ní àwọn yẹn náà lówó tiwọn. ₦30,000 ni wọ́n fẹnu kò sí. Wọ́n gbé fìlà kiri nínú ọkọ̀, mo tú owó tí mo so mọ́ etí ìró mi, mo ju ₦3,000 sí i. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde pé èmi náà dá a. Kò sẹ́ni tó fún wa ní rìsíìtì. Bí wọ́n ṣe ká igi ẹnubodè sókè báyìí, olórí wa kígbe pé, "Halelúyà! Ọlọ́run ti ṣílẹ̀kùn!" Gbogbo wa ṣe àmín. Tèmi ló tiẹ̀ ròkè jù.

Bàbá àgbàlagbà kan ló wá pàdé wa ní gáréèjì Kétu. Ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni bàbá yìí ń lù, kò sì fi pamọ́ fún wa. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ onígbàgbọ́ ló fẹ́ gbà wá lálejò. Ó ru ọ̀kan nínú maṣíìnì náà lérí. Lójú ọ̀nà, ó béèrè bóyá wọn ò yọ wá lẹ́nu ní ẹnubodè. Olórí wa ní, "Bàbá, Ọlọ́run ló ṣílẹ̀kùn fún wa." Bàbá sọ ẹrù kalẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú, ó ní:

"Ẹ ṣeun. Èló ló gbà?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tó ń béèrè iye iṣu. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì há mi lọ́fun. Títí di òní, bí mo bá kúnlẹ̀ àdúrà òwúrọ̀, ìbéèrè yẹn ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́.

Lára bánà wa, "ilẹ̀ òkèèrè" la kọ. A tiẹ̀ mú ògbufọ̀ Faransé kan dání. Pátákó ojú ọ̀nà nìkan lọmọ náà rí kà fún wa, nítorí Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Kétu. Kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó fa ààlà ní 1889, ta ló ń béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Ìmẹ̀kọ, tó bọ́ sí Nàìjíríà lónìí, lọ sí Kétu? Tiwa gan-an ló le gbọ́ létí wọn. Mo ní mò ń lọ sí "ulé", àwọn ọmọdé sọ ọ́ di orin fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Bíbélì Yorùbá tí wọ́n ń kà nínú ìjọ wọn sì gbó ju tèmi lọ.

Ọ̀rọ̀ òkìríkà yẹn, ẹ̀yin tó mọ ọ̀nà ọjà yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Nàìjíríà fòfin de kíkó o wọlé, Kùtọnu ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń já, tó sì ń yọ́ wọlé wá bá wa. A ra aṣọ tó ti Benin wá ní ọjà Adó, a tún rù ú padà sí Benin ní orúkọ Jésù. Ọmọ iṣẹ́ kan gbé súwẹ́tà sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Màmá, ṣé èyí ò tà ni?"

Ṣé ẹ gbọ́ bí mo ṣe dárúkọ ọmọ iṣẹ́? Aránṣọ ni obìnrin tó gbà mí sílé. Kùtọnu ló ti kọ́ṣẹ́, ó ní maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti ọmọ iṣẹ́ márùn-ún. Ó wo bí mo ṣe ń gé apá bùbá, ó dákẹ́ títí gbogbo wọn fi lọ sílé, kí ojú má baà tì mí, ó tó wá fi bí òun ṣe ń tẹ́ aṣọ hàn mí. Lórí yáàdì mẹ́rin, ó ṣẹ́ èyí tó tó fìlà ọmọdé kù. Ẹ ṣírò iye fìlà tí mo ti gé dànù láti 1989! Ohun tó wọ́n lọ́wọ́ wọn ni abẹ́rẹ́ maṣíìnì, nọ́ńbà 14 àti 16. Páálí rẹ̀ kan ì bá wọ inú pọ́ọ̀sì mi láìsí pé ẹnikẹ́ni béèrè nǹkan lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n kí a tó gbéra.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni omi. Orí ilẹ̀ gíga ni Kétu wà, omi abẹ́ ilẹ̀ jìn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi kì í ṣe nǹkan ṣeréṣeré níbẹ̀. Ọmọ Ìkọ̀gọ̀sì sì nìyí, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń tú jáde láti inú ilẹ̀, tí wọ́n pàdé, tí wọ́n jọ ń ṣàn lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n gbé odidi bùkẹ́ẹ̀tì omi kan fún mi. Mo wẹ̀, mo da ìyókù sílẹ̀, mo ń kọrin. Nígbà tí mo jáde, ọmọ kékeré ilé náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan ibi tí ilẹ̀ ti tutù. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé rírà ni wọ́n ra omi yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, bùkẹ́ẹ̀tì tún kún. Mo ní rárá. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kọ̀ mí o."

Nínú Lúùkù orí 10, Jésù ní kí àwọn tí òun rán máa jẹ, kí wọ́n máa mu ohun tí wọ́n bá bá nílé tí wọ́n wọ̀. Mo ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà, mo rò pé ìtọ́jú oníwàásù ló ń sọ. Mi ò mọ̀ pé ó nira. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ń gbàdúrà pé kí Olúwa ṣe mí ní ẹni tí yóò máa fúnni, kí n má ṣe tọrọ. Mo gba omi náà. Mo fi ife wẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ ti ₦3,000 fún un. Ẹkún bò mí. Ó ń ká òwú, kò dá mi lẹ́kun, kò sì dá mi lẹ́bi. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá tún bi mí, kí n sọ iye rẹ̀ fún un. Mo lọ bá bàbá lábẹ́ igi láàárọ̀, mo sọ ọ́. Bàbá ní, "Ó wọ́n," ó sì ní kí wọ́n gbé àga fún mi.

Ibi tí mo dé gẹ́lẹ́ nìyí tí wọ́n fi gba maiki. Díákónì kan tẹ̀ lé mi jáde, ó ní, "Màmá, àwọn ará ìta wà láàárín wa." Ẹlòmíràn ní mo ń ta ko iṣẹ́ ìhìn rere. Èmi tí wọ́n bí ní ìrìn díẹ̀ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, níbi tí wọ́n sin Àpóstélì Babalọlá, oníwàásù ìjọ CAC nì, sí! Ọkọ̀ tó ń tẹ títì ló ń wà nígbà tí ìpè dé sí i ní 1928, ó fi í sílẹ̀, ó mú Bíbélì àti agogo. Mo mọ ohun tí ìrìn lè ṣe. Àwọn kan tún ní kí ni ₦30,000 jámọ́, ta ni kì í san án. Òótọ́ ni, n kò mọ ẹni tí kì í san án. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kúkú sọ pé àwa la san án, kí a yọ orúkọ Ọlọ́run kúrò níbẹ̀.

Mo tún ń lọ lóṣù Belu, èmi nìkan, lówó ara mi. Mo ti ra páálí abẹ́rẹ́ méjì, káàdì mi sì wà nínú Bíbélì. Àkọ́bí mi ń bẹ̀rù pé wọ́n lè dá mi dúró ní ẹnubodè di ọjọ́ kejì. Mo ti ní kó bá mi wá ẹní.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aránṣọ,
Adó-Èkìtì.