Ẹ wo ibi tí nọ́ọ̀sì dúró sí kí ẹ tó wo ohun tó wọ̀

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí àrùn bá ti bẹ́ sílẹ̀, tí fọ́tò òṣìṣẹ́ ìlera jáde, kíá làwọn òǹkàwé ń sọ ara wọn di adájọ́: "Èyí ò wọ ìbọ̀wọ́!" "Tọ̀hún ò bo ojú!" Aṣọ nìkan ni wọ́n ń wò. Ibi tí onítọ̀hún dúró sí àti ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, wọ́n fi bàálù gbé nọ́ọ̀sì kan tó kó Èbólà ní Dallas, ní Amẹ́ríkà, lọ sí Atlanta. Àwọn tó gbé e wé ara wọn láti orí dé ẹsẹ̀, àfi ọkùnrin kan tó wọ aṣọ lásán, tó mú pátákó ìkọ̀wé lọ́wọ́. Ni ariwo bá ta. Phoenix Air tó ni bàálù ṣàlàyé pé alábòójútó ni: aṣọ àwọ̀délẹ̀ tí àwọn yòókù wọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn ríran tàbí gbọ́ràn dáadáa, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà tí kò wọ̀ ọ́, tí yóò máa ṣọ́ àwọn tó kù. Òótọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú tiwa, ì bá tún sún sẹ́yìn díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ń fi ẹ̀rọ wo ìgbóná ara èrò ní pápákọ̀ òfurufú. Kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Bó bá fi mítà kan jìnnà sí wọn, kí ni yóò fi aṣọ àwọ̀délẹ̀ ṣe? Ẹ̀jẹ̀, èébì àti ìgbẹ́ aláìsàn ni Èbólà ń bá ràn.

Àṣìṣe tí fọ́tò ń fi hàn wà o. Okùn méjì ni ìbòmú N95, ìyẹn èyí tó ń sẹ́ atẹ́gùn téèyàn ń mí sínú, ní: tòkè á lọ sí àtàrí, tìsàlẹ̀ á gba abẹ́ etí lọ sẹ́yìn ọrùn. Bí méjèèjì bá wà lọ́rùn, tàbí tí irùngbọ̀n wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ẹnu ìbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ bo ẹnu apá aṣọ. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò gbọ́dọ̀ bo ẹnu bàtà róbà. Bí wọ́n bá ki ṣòkòtò bọ inú bàtà, ohun tó dà sí i á ṣàn lọ bá ẹsẹ̀. Èyí tó burú jù ni ẹni tó fi ìbọ̀wọ́ tó fi tọ́jú aláìsàn gbé fóònù sétí.

Àwọn tí òǹkàwé ń yìn náà ń ṣàṣìṣe. Sẹ́lótéèpù tí wọ́n fi di ìbọ̀wọ́ mọ́ apá aṣọ dùn ún wò nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fà á kúrò, ó lè ya aṣọ tàbí ìbọ̀wọ́, bíbọ́ aṣọ sì ni ewu wà jù. Épírọ́ọ̀nù ló ń kọ́kọ́ kúrò, ìbọ̀wọ́ òde tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà aṣọ, awò ojú, ìbòmú, kí ìbọ̀wọ́ inú tó kẹ́yìn. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fọ ọwọ́, ẹnì kan á sì dúró ti ẹni tó ń bọ́ aṣọ, tí yóò máa ka ohun tó kàn fún un. Nítorí náà, ẹni tí fọ́tò ká mọ́ ibi tí aṣọ rẹ̀ ti dé ìbàdí lè má jẹ́ aláìbìkítà rárá.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí yín ni pé kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò bóyá yàrá aláìsàn ni wọ́n ti yà á tàbí ìta, àti bóyá onítọ̀hún ń wọlé ni tàbí ó ń jáde bọ̀.

Àwa olùkọ́ ìdènà àkóràn,
Ìbàdàn